Iṣẹ́ Igbó àti Igi Gẹdú ní Nàìjíríà: Ipa Rẹ̀, Ìgbẹnusọ Rẹ̀ àti Ojúṣe Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí á máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ. Igi kàn jẹ́ àfiwé fún wọn ni. Nínú iṣẹ́ yìí, igi gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ igbó àti igi gẹdú jẹ́ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ipa tí ó ń kó láwùjọ, bí àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ ṣe ń gbẹnu sọ fún ara wọn lọ́dọ̀ ìjọba, àti ohun tí ó yẹ kí ìgbẹnusọ náà dá lé. Èrò wa ni pé ohùn àwọn agégẹdú àti àwọn onípákó kò lè wúwo létí ìjọba tàbí létí ará ìlú, àfi bí iṣẹ́ wọn bá di iṣẹ́ gbígbin igi gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ iṣẹ́ gígé igi. A ó sì fi hàn pé olùkọ́ Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ igbó. Kí ó wo àyíká rẹ̀. Igi ni àga tí ó jókòó lé, igi ni òrùlé kíláàsì dúró lé, ara igi ni bébà tí ó ń kọ̀wé sí ti wá, inú igi ni wọ́n sì ti gbẹ́ ìlù tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ohùn èdè. Ohun tí a ń lò báyìí lójoojúmọ́ kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa nígbà tí a bá fẹ́ mọ ibi tí ó ti ń wá àti bí yóò ṣe máa wá lọ.

Àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà

Nígbà tí a bá dárúkọ iṣẹ́ gẹdú, ẹni tí ó gbé ayùn lọ sí oko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí igi kan tó di ìlẹ̀kùn, ó ti gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣọ́ igbó ìpamọ́, tí wọ́n ń fún agégẹdú ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì ń fi òòlù tẹ àmì sí ìdí igi tí a gé kí a lè mọ̀ pé a san owó lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni agégẹdú fúnra rẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, awakọ̀ agbégẹdú, àwọn tí ó ń so gẹdú pọ̀ kí omi lè gbé e, ẹni tí ó ní ilé ìlagi, èyí tí a mọ̀ sí sọ́mìlì, àwọn tí ó ń tẹ̀lé ẹ̀rọ níbẹ̀, onípákó tí ó ń tà á, káfíńtà, gbẹ́nàgbẹ́nà àti agbẹ́gilére. A kò tíì ka àwọn tí ó ń ṣe èédú àti àwọn tí ó ń ta igi ìdáná.

Àwọn onímọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìbàdàn ni olú-ilé ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti orílẹ̀-èdè yìí wà, èyí tí a ń pè ní FRIN, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954. Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ nípa igbó sílẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, láti orí ọ̀jọ̀gbọ́n títí dé orí alágbàro tí ó ń gbé pákó, ni a kó pọ̀ tí a ń pè ní iṣẹ́ igbó àti igi gẹdú.

Ìtàn iṣẹ́ náà ní ṣókí

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba ńlá wa ń gé igi, wọn a sì máa fi ìlànà sí i. Ẹni tí yóò gé ìrókò kò lè ṣàdédé gbé àáké sí i láìṣe ètùtù. Àwọn igbó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan nínú wọn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí èyí: ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó héktà 75 ni, ẹ̀bá ìlú ńlá ni ó sì wà, síbẹ̀ igbó rẹ̀ ṣì dúró nítorí pé ìlú kà á sí ọ̀wọ̀. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé.

Òwò tí ó kọ́kọ́ fi ojú ilẹ̀ Yorùbá rí ohun tí ìwọra lè ṣe fún igbó ni òwò rọ́bà. Igi irẹ́ ni wọ́n ń kọ lára láti gba oje rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1894 ni òwò náà gbòde. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1895, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde ní ọdún kan ṣoṣo wọn ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó wọ igbó lọ. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń kọ igi lára àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jọ ń kọ ọ́ ni. Wọn kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ igi jinná kí wọ́n tó tún gbé ọ̀bẹ sí i. Láàárín ọdún mélòó kan, igi irẹ́ ti kú lọ bẹẹrẹ, òwò náà sì wó lulẹ̀. Ní ọdún 1897 ni ìjọba Èkó dá ọ́fíìsì tí yóò máa bójú tó igbó sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn igbó kan sọ́tọ̀ fún ìpamọ́. Igbó Olókeméjì, tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí ni òwò gẹdú gan-an gbilẹ̀. Ọ̀gànwó, ìrókò, arère, abùrà àti àfàrà ń ti etí odò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Sapẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ African Timber and Plywood ń la igi, ó sì ń ṣe pílàìwúùdù. Ní Èkó, wọ́n ń so gẹdú pọ̀, omi ọ̀sà ń gbé e dé Okobàbá ní Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí àwọn ilé ìlagi tò sí lọ rẹrẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó pèsè ibùdó mìíràn fún wọn ní Àgbọ̀wá.

Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó gẹdú tí a kò là ránṣẹ́ sí òkè òkun. Èrò ìjọba ni pé kí iṣẹ́ lílà àti iṣẹ́ ọnà tí ó wà lára igi kù sí ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, kí igi má sì tán. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn ènìyàn ń kọ́ nínú ìlú ń pọ̀ sí i, igi tí ìbá ti lọ sí òkè òkun rí ọjà nílé, gígé kò sì dín kù.

Ipa tí iṣẹ́ náà ń kó

Èkínní, iṣẹ́ gẹdú ń bọ́ ènìyàn. Kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó gbà á síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lónìí, owó pákó ni òbí rẹ̀ fi rán an wá.

Èkejì, ó ń pèsè ohun èlò ìkọ́lé àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Ó ṣòro kí a tó rí ilé tí a kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní igi nínú, yálà ní òrùlé ni, ní ilẹ̀kùn ni, tàbí pákó tí wọ́n fi gba kọnkéré dúró.

Ẹ̀kẹta, owó ń wọlé fún ìjọba ìpínlẹ̀ láti ara ìwé àṣẹ àti owó orí igi.

Ẹ̀kẹrin, igbó tí a bá tọ́jú ń ṣe oore tí a kò lè fi owó rà. Ó ń dá omi odò dúró, ó ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ, ó sì jẹ́ ilé fún ẹranko. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí héktà 130,500, wà lára ibi tí ó kù tí erin ṣì ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Láti ọdún 1946 ni a ti ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gé igi rárá, àjọ UNESCO sì tẹ́wọ́ gbà á ní ọdún 1977.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí ó kan wa jù, ìyẹn ìwé. Láti ọdún 1966 ni wọ́n ti ń gbin igi gmelina sí igbó Ọmọ. Igi yìí yára dàgbà, ó sì dára fún ṣíṣe bébà. A ní ilé-iṣẹ́ bébà ní Jẹ́bà láti ọdún 1969, a sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìwópin, tí kò jìnnà sí igbó náà, kí igi Ọmọ lè di ìwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ìwópin kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rí. Gmelina tí a gbìn fún ìwé ń di pákó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, a sì ń ra bébà láti òkè òkun. Owó tí òbí ń san lórí ìwé àjákọ fún ọmọ rẹ̀ ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbẹnusọ fún iṣẹ́ náà

Kò sí iṣẹ́ tí kò ní ẹgbẹ́. Àwọn agégẹdú ní tiwọn, àwọn tí ó ní ilé ìlagi ní tiwọn, àwọn onípákó náà ní tiwọn ní ọjà kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ náà dá ẹgbẹ́ onímọ̀ igbó ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1970, wọ́n sì máa ń pàdé láti jíròrò. Àwọn tí ó ń gbèjà ẹranko àti igbó náà ń sọ tiwọn. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ti wà láti ọdún 1980.

Bí a bá tẹ́tí sí ẹ̀bẹ̀ àwọn oníṣòwò igi, a ó rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ tọ̀nà. Ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí igbó. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣe ètò gbogbogbòò, ìwádìí àti òfin ibodè. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé pákó láti ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ sí Èkó máa ń bá onírúurú agbowó pàdé lọ́nà, owó yìí a sì wọ inú iye tí oníbàárà yóò ra pákó. Wọ́n tún ń kígbe pé ọ̀nà oko kò dára, pé iná mànàmáná kò tó, àti pé àwọn tí kò gba ìwé àṣẹ ń fi òru gé igi, wọ́n sì ń tà á ní ẹ̀dínwó, débi pé ẹni tí ó san owó fún ìjọba ni ó ń pàdánù. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a má gbọ́ àwọn ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí kò ṣe òdodo.

Àwọn àgbẹ̀ náà ní ohùn. Ọ̀pọ̀ igbó ìpamọ́ ní Oǹdó àti Ògùn ni kòkó ti wọ inú wọn lọ. Ní ojú òfin, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ní ojú àgbẹ̀ tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò tó mọ́, tí ó ní ìyàwó àti ọmọ láti bọ́, ọ̀nà àtijẹ ni. Bí a bá fẹ́ kí igbó dúró, ìgbẹnusọ wa kò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ètò kan wà tí ó fi èyí hàn, tí wọ́n ń pè ní táúńgíyà, tí àwọn òyìnbó mú wá láti ilẹ̀ Bọ́mà. Nínú ètò yìí, ìjọba a fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ìpamọ́. Àgbẹ̀ a gbin iṣu àti àgbàdo tirẹ̀, a sì máa tọ́jú igi kéékèèké tí a gbìn sí àárín wọn. Nígbà tí igi bá ga tí ó ṣíji bo ilẹ̀, àgbẹ̀ a ṣí lọ sí ibòmíràn. Oúnjẹ jáde, igi náà sì jáde. Níbi tí ètò yìí ti wó ni ibi tí a kò ti ṣọ́ ọ mọ́, tí àgbẹ̀ gbin kòkó dípò àgbàdo, tí kò sì kúrò.

Ibi tí ìgbẹnusọ náà kù sí

Ohun tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ń gbẹnu sọ fún òwò gẹdú ni ọ̀rọ̀ gbígbìn. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ ìjọba ni. Ìjọba ní tirẹ̀ ń gba owó orí igi, kì í sì í dá èyí tí ó tó padà sínú igbó. Báyìí ni igi ṣe di ọmọ òrukàn láàárín bàbá méjì.

Àbájáde rẹ̀ kò fara sin. Nínú àbọ̀ tí àjọ FAO gbé jáde ní ọdún 2005, Nàìjíríà ni ó ṣáájú gbogbo orílẹ̀-èdè nínú bí igbó àtayébáyé ti ń yára pòórá. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ igi kósò dé, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní màdóbíyá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó ti ń hù. Láàárín ọdún 2014 sí 2017, wọ́n gé e ní àgékù, wọ́n sì kó o lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà fún iṣẹ́ àga. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, àdéhùn CITES, tí ó wà fún ìdáàbòbo ẹranko àti igi tí ó ń lọ sópin, fi kósò sí abẹ́ àbójútó. Nígbà tí ó di ọdún 2018, wọ́n ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má ra igi náà láti Nàìjíríà mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí irẹ́ ní ọdún 1895 ni ó tún ṣẹlẹ̀ sí kósò lẹ́yìn ọgọ́fà ọdún. Ọjà là, igi kú, ọjà kú. Àwọn tí ó gé e kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́, àwọn tí ó ra á sì lọ wá orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé gbígbin igi kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán ṣe. Bí a bá gbin ìrókò nìkan sí ojú kan, kòkòrò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phytolyma a bá ewé rẹ̀ jà, ewé a wú, orí igi a kú. Nítorí èyí, a gbọ́dọ̀ gbìn ín mọ́ àárín igi mìíràn, kí ó sì wà lábẹ́ ìbòòji nígbà èwe rẹ̀. Arère kì í so lọ́dọọdún, èso rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn fi ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì rí ọ̀nà láti mú kí ẹ̀ka arère ta gbòǹgbò. Ìmọ̀ wà nílẹ̀. Ohun tí kò sí ni àwọn tí yóò gbé e dé oko. Ẹni tí ó bá gbin gmelina lè gé e kí ọmọ rẹ̀ tó jáde ilé-ìwé gíga. Ẹni tí ó bá gbin ìrókò, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó gbìn ín fún.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò igi gbé síwájú ìjọba ṣáájú ohun gbogbo ni pé kí a ya apá kan owó orí igi sọ́tọ̀ fún gbígbìn ní ojúkojú, kí agégẹdú sì ní ilẹ̀ tí yóò gbin tirẹ̀ sí pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ni yóò gé e. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi igbó tí ó gbìn han ìjọba, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lórí owó ojú ọ̀nà àti iná mànàmáná yóò rọrùn láti gbọ́.

Ojúṣe olùkọ́ Yorùbá

Èdè Yorùbá ti wà nínú òwò yìí tipẹ́. Ìrókò, ìdígbó, abùrà àti àfàrà jẹ́ orúkọ tí àwọn oníṣòwò igi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ta igi. Ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́ wọn. Ẹni tí kò mọ gbólóhùn Yorùbá kan mọ ìrókò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ka ìrókò nínú ìwé Fágúnwà láìlè nawọ́ sí i lójú igbó. Nígbà tí igi bá tán, orúkọ rẹ̀ a di ọ̀rọ̀ tí a ń kọ́ sórí lásán, òwe àti oríkì tí ó so mọ́ ọn a sì di ohun tí a gbọ́dọ̀ máa túmọ̀. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò, torí pé bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ayé tí ìrókò ti pọ̀ débi pé ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀ ni ó bí òwe náà. Olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ní òwe yìí lónìí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ayé náà fún un.

Ohun mẹ́ta ni a dámọ̀ràn. Àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá lọ sílé ní àkókò ìsinmi bi àwọn àgbà léèrè orúkọ igi 20 ní ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀, ìwúlò igi náà, àti ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Ohun tí ó bá kó jọ yóò wúlò fún onímọ̀ èdè àti fún onímọ̀ igbó. Èkejì, kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa bá àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó igbó sọ̀rọ̀, kí a lè túmọ̀ ìlànà ìwé àṣẹ, owó orí igi àti ìtọ́jú ọ̀gbìn sí èdè Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin tí a fi ń mú agégẹdú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè kà á. Ẹni tí kò mọ òfin, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò máa fi rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ tí a bá gbé lọ sí ilé-ìwé fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ fi gbígbin igi kún iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ọmọ máa kọ àkọsílẹ̀ ìdàgbàsókè igi rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àròkọ alálàyé tòótọ́ ni èyí yóò jẹ́, nítorí pé ohun tí ọmọ náà fojú rí ni yóò máa ṣàlàyé.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ igbó àti igi gẹdú ń bọ́ ènìyàn, ó ń kọ́ ilé, ó ń pa owó fún ìjọba, ó sì yẹ kí ó máa fún wa ní ìwé. A ti sọ pé àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbẹnu sọ fún ara wọn, àti pé púpọ̀ nínú ẹ̀bẹ̀ wọn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n irẹ́ ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, kósò sì tún un kọ́. Òwò tí ó bá ń gé láìgbìn, ara rẹ̀ ni ó ń gé. Ìgbẹnusọ tí yóò dúró ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gbìn, tí ó fi àyè sílẹ̀ fún àgbẹ̀, tí a sì sọ ní èdè tí agégẹdú, onípákó àti ọmọ ilé-ìwé yóò gbọ́. Apá tí ó kẹ́yìn yìí wà ní ìkáwọ́ àwa olùkọ́ Yorùbá.